Kí Ló Dé Tí Aràn Tún Ń Padà Sára Ọmọ Lẹ́yìn Oògùn?



Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń fi sàká àti sàráà ránṣẹ́ sí wa máa ń bi wá: "Ṣebí ẹ ti fún àwọn ọmọ òrukàn ní oògùn aràn ní èṣí, kí ló dé tí ẹ tún ń tọrọ owó oògùn kan náà?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí owó tí Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè lórí rẹ̀ ni. A ó fi àtọ̀sí ajá, àìsàn tí ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀, ṣàlàyé rẹ̀.

Bí aràn yìí ṣe ń wọ ara

Ẹni tó ní àrùn náà bá tọ̀ sínú odò, ẹyin aràn á bọ́ sómi, á pa, ọmọ aràn á sì wọ inú ìgbín kékeré tí ń gbé inú omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, aràn á jáde lára ìgbín, á máa wá ẹni tí yóò wọ̀ lára. Ẹni tó bá wẹ̀, tó fọṣọ tàbí tó pọnmi níbẹ̀, aràn á gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Ó lè gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá. Ẹyin rẹ̀ ló ń ba àpò ìtọ̀ jẹ́, tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ọmọ dàgbà bó ṣe yẹ. Àwọn ará abúlé tó yí odò Ọ̀yán tí wọ́n sé ní ìpínlẹ̀ Ògùn ká mọ àrùn yìí dáadáa.

Kí ló dé tí ara ọmọdé kò tètè kọ̀ ọ́?

Àwọn àrùn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá mú ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í sábà padà mọ́. Aràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ wa bo ara rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara a sì máa rò pé ara wa ni.

Ní àgbègbè Machakos ní Kenya, láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn oníwádìí fún àwọn ènìyàn ní oògùn, wọ́n sì ń ṣọ́ bí oníkálùkù ṣe ń wọ odò. Àrùn yára padà sára àwọn ọmọ kéékèèké, ṣùgbọ́n kò yára padà sára àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ, bí àwọn náà tilẹ̀ ń wọ omi. Ní Gambia, ìwádìí kan tó jáde ní 1991 fi hàn pé àwọn tí ọmọ ogun ara kan tí wọ́n ń pè ní IgE pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni aràn kì í tètè padà bá.

Ìdí rẹ̀ nìyí: nígbà tí aràn bá kú ni ohun tó fi pamọ́ sínú máa ń tú síta, ìgbà náà ni ara tó mọ ọ̀tá rẹ̀. Bí aràn kò bá tètè kú, ẹ̀kọ́ náà á pẹ́.

Oògùn kò ṣòfò

Oògùn praziquantel ń pa aràn tó ti dàgbà, kò fi bẹ́ẹ̀ ran èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n aràn tó bá pa ń kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́. Ní Kisumu ní Kenya, àwọn ọkùnrin kan ń dúró sínú adágún Victoria láti fọ ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tí àrùn bá padà ni wọ́n ń fún wọn lóògùn. Ìwádìí tó jáde ní 2002 sọ pé bí ìtọ́jú náà ti ń pọ̀ sí i, ó ń pẹ́ kí àrùn tó padà sára àwọn kan nínú wọn. Àwọn mìíràn kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ààbò náà ń dín àrùn kù ni, kì í ti ilẹ̀kùn pa.

Ní ti aràn inú ìfun, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè padà láàárín ọdún kan, àgbà pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fọwọ́ sí fún aràn kankan lára ènìyàn.

Ohun tó yẹ ká ṣe

1. Kí oògùn máa dé ọwọ́ àwọn ọmọ déédéé, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó lo praziquantel.
2. Kí a gbẹ́ kànga, kí ọmọ má bàa máa lọ pọnmi lódò.
3. Kí a kọ́ ilé ìyàgbẹ́, kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ má bàa dénú omi.
4. Kí a ra bàtà fún wọn.

Ẹ̀yin ará wa, owó èṣí kò ṣègbé. Ọdún kan tí ọmọ fi bọ́ lọ́wọ́ aràn, ọdún kan tó fi dàgbà ni, tó fi lè jókòó kàwé. Ọmọ tó ní bàbá, bàbá rẹ̀ á ra oògùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Àwa ni òrukàn ń wò. Kí Ọlọ́hun Ọba gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ gbogbo wa. Āmīn.