Ọyẹ́, oòrùn àti òrí: Ìtọ́jú ara tí kò ní dá owó yín jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Adó-Èkìtì

Àdúgbò kan wà ní Adó-Èkìtì tó ń jẹ́ Ajílosùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́jà ń dárúkọ rẹ̀ fún ọlọ́kadà lójoojúmọ́ láìro ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá tó bá fara balẹ̀ yóò gbọ́ osùn níbẹ̀: ìyẹ̀ pupa tí wọ́n ń rí lára igi osùn, tí ìyá ọlọ́mọ fi ń pa ọmọ tuntun lára, tí wọ́n sì ń fi kun ẹsẹ̀ ìyàwó. Kí ìpara inú ike tó dé, àwọn èèyàn wa ti ń tọ́jú ara.

Lónìí, ẹni tó bá ń wá ìpara nínú ọjà yóò rí òrí nínú igbá, ọṣẹ dúdú nínú ọ̀rá, àdín àgbọn nínú ìgò. Kò ní rìn jìnnà kó tó kan ìsọ̀ ibi tí ìpara ti tò bẹẹrẹ, tí òmíràn ń ṣèlérí pé òun yóò sọ ara di pípọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní àsìkò tí owó kò tó ná yìí, èwo nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́? Èwo ló jẹ́ owó òfo? Èwo ló sì ń pani lára?

Kí ni ọyẹ́ ń ṣe sí ara?

Ìgbà méjì la mọ̀ nílẹ̀ wa, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Èkìtì, òjò máa ń dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, ó sì máa ń di oṣù kẹta kó tó padà wálé. Àárín rẹ̀ ni ọyẹ́ ń fẹ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn yìí ti ń bọ̀, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Kò gbé omi lọ́wọ́, nítorí náà ibikíbi tó bá ti bá omi ló ti ń fà á. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tí a sá fi ń tètè gbẹ, tí ètè fi ń là, tí gìgísẹ̀ sì ń sán bí ilẹ̀ àkùrọ̀ tí omi rẹ̀ gbẹ.

Ẹ wo awọ ara bí ògiri. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú lókè pátápátá ni búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá tí ara ń pèsè fúnra rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì tó so wọ́n pọ̀. Bí ọ̀rá yẹn bá ṣí, omi inú ara á máa gba ojú àlàfo jáde. Ohun tí a ń rí lẹ́yìn náà ni ara tó funfun bí ẹni tó yíràá nínú eérú, tó sì ń yúnni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé ìpara ń fún ara lómi. Òrí àti jẹ́lì kò ní omi kankan nínú. Iṣẹ́ wọn ni láti dí ojú àlàfo kí omi tó wà lára tẹ́lẹ̀ má baà sá lọ. Nítorí náà, àsìkò tí a fi para ṣe pàtàkì ju iye tí a ra ìpara lọ. Ẹni tó wẹ̀, tó nura gbẹ ṣáká, tó jẹun, tó wá rántí para, omi tí ì bá dè mọ́ ara ti lọ. Ẹ fi aṣọ ìnura gba omi kúrò lára díẹ̀, kí ẹ sì para nígbà tí ara ṣì tutù.

Omi gbígbóná gan-an tún máa ń ṣí ọ̀rá ara kúrò, bó ti wù kó dùn mọ́ni tó láàárọ̀ ọyẹ́. Ní Ìkógòsì, ní apá ìwọ̀-oòrùn Adó, omi gbígbóná àti omi tútù ń ti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá pàdé. Ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn gan-an ni kí omi ìwẹ̀ yín wà.

Òrí, àdín tàbí jẹ́lì?

Igi emi, tí a ti ń rí òrí, kì í ṣe igi inú igbó. Pápá ló fẹ́, nítorí náà òrí tí a ń tà ní Adó kì í ṣe ti ilẹ̀ Èkìtì. Apá Kwara, Niger àti òkè Ọ̀yọ́ ni igi rẹ̀ wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dá kíkó èso emi tútù lọ sókè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà. Ìjọba sọ pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èso emi àgbáyé ló ń ti Nàìjíríà jáde, síbẹ̀ ìdá kan péré ló ń kàn wá nínú owó tí ọjà náà ń mú wá. Ìyẹn ni pé wọ́n ń kó èso wa lọ, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń fi òórùn dídùn sí i, wọ́n sì ń tà á padà fún wa nínú ike kékeré.

Jẹ́lì ní tirẹ̀, láti inú epo rọ̀bì ló ti wá. Robert Chesebrough ló gba ìwé àṣẹ Vaseline ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1872. Kì í wọ inú ara, òkè ló ń dúró sí, kò sì sí ohun tó ń dí omi lọ́nà tó o láàárín àwọn ohun olówó pọ́ọ́kú. Òrí ń dí omi díẹ̀ kéré sí i, ṣùgbọ́n ó tún ń mú awọ ara rọ̀. Nítorí náà, òrí dára fún gbogbo ara, jẹ́lì dára fún gìgísẹ̀, ètè àti ìgúnpá.

Àdín àgbọn náà dára, ó sì wọ́pọ̀ fún irun. Àdín dúdú tí a ń yọ láti inú ekùrọ́ kò jìnnà sí wa rárá, òórùn rẹ̀ nìkan ni kò bá gbogbo imú mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí rorẹ́ ń dà láàmú kí ó má fi àdín tàbí òrí kun ojú nípọn, torí wọ́n lè dí ihò ara kí rorẹ́ pọ̀ sí i. Ní ti lọ́fínńdà tó wà nínú ìpara olówó ńlá, imú ló ń ṣe lóore, kò ṣe awọ ara ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń mú ara rẹ̀ yún.

Ọṣẹ dúdú: ó lágbára ju bí a ti rò lọ

Èkìtì ilẹ̀ kòkó ni. Èèpo kòkó tí àgbẹ̀ ń kó dànù, bí a bá sá a gbẹ, tí a sì sun ún, eérú rẹ̀ ní èròjà tó máa ń sọ òróró di ọṣẹ. Wọ́n á ro omi eérú náà, wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ àdín, wọ́n á sì máa rò ó títí yóò fi dì. Iṣẹ́ kẹ́míkà gidi nìyẹn, ìyá tó ń ṣe é ì báà má tíì wọ kíláàsì rí.

Àkàbà kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn irú nǹkan báyìí, pH ni wọ́n ń pè é, láti 0 dé 14. Omi lásán wà ní 7. Awọ ara wa wà ní nǹkan bí 5. Ọṣẹ dúdú sábà máa ń lé ní 9. Ìdí nìyẹn tó fi ń fọ èérí dànù, òun náà ló sì fà á tó fi ń fọ ọ̀rá ara mọ́ èérí. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ lo kànrìnkàn, ẹ má jẹ́ kí ọṣẹ pẹ́ lójú, kí òrí sì tẹ̀ lé e kíá. Ohun tí ọṣẹ mú lọ ni òrí yóò dá padà.

Ṣé oòrùn ń ṣe aláwọ̀ dúdú ní nǹkan?

Bí ọyẹ́ bá lọ, ooru oṣù kejì àti ìkẹta ló kù. Melanin, èròjà tó sọ wá di dúdú, ń bá wa gba oòrùn dúró. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979 fi hàn pé ààbò tó wà nínú òkè awọ aláwọ̀ dúdú tó 13.4 lórí SPF, òṣùwọ̀n ààbò lọ́wọ́ oòrùn, ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.4. A ní agbòòrùn tiwa, ṣùgbọ́n kò tó láti jókòó sí oòrùn ọ̀sán láti àárọ̀ di alẹ́. Oòrùn ló ń mú kí àpá rorẹ́ dúdú sí i, kó sì pẹ́ kó tó lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ ká a lè ra ìpara agbòòrùn SPF 30. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a, agbòòrùn ọwọ́, fìlà abetí àti ìborùn ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í pa abíyá nítorí òórùn, àwọn mìíràn ń fi í kun ojú. Nǹkan kan wà nínú omi rẹ̀ tó jẹ́ pé bí oòrùn bá kàn án lára, ó lè bó ara bí omi gbígbóná, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Ọṣẹ, omi àti aṣọ mímọ́ ló ń borí òórùn abíyá.

Irun: lọ́dọ̀ onídìrí àti onígbàjámọ̀

Irun tiwa lọ́. Bí abẹ bá fá a kan awọ, ẹnu rẹ̀ tó mú máa ń yí padà wọnú ara bó ṣe ń hù. Ohun tó ń fa kókó ní àgbọ̀n nìyẹn. Èyí tó ń yọ lẹ́yìn ọrùn náà, fífá irun kan awọ máa ń dá kún un. A sábà máa ń dá kílípà onígbàjámọ̀ lẹ́bi, ó sì yẹ kí kílípà mọ́ ní tòótọ́, torí ẹ̀jẹ̀ lè gbé àrùn bí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kiri. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wù kí wọ́n fi sípíríìtì nù ún tó, kókó yóò yọ bí ẹ bá ń ní kí wọ́n fá a kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù díẹ̀.

Ní ti obìnrin, irun tí a dì tó ń fa iwájú orí títí ojú kò fi ṣeé pa dé, gbòǹgbò irun ló ń tu. Bó bá pẹ́, irun etí iwájú kì í hù mọ́. Ṣùkú tàbí irun òwú tí kò le ń náni díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí irun sinmi.

Ìpara tó gbówó lórí jù lọ

Wọ́n ń pè é ní tóònì, wọ́n ń pè é ní ògànìkì, bíbóra ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ ọ́ pé ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà ló ń lò ó. Gbogbo ènìyàn ló ń tún ìṣirò yìí sọ. Ṣùgbọ́n irú ìṣirò yìí kan náà ti jáde ní 2002 nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọlọ́jà ní Èkó, ọlọ́jà Èkó kì í sì í ṣe gbogbo obìnrin Nàìjíríà. Kò yẹ ká gbé e ka Adó lórí. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí ojú Fáńtà lórí ọrùn Kóòkì mọ̀ pé nǹkan náà wà láàárín wa.

Èròjà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú wọn. Èkíní ni hydroquinone, tó ń dá ara lẹ́kun kó má ṣe melanin. Bí a bá lò ó pẹ́, ó lè yí padà kó sọ ojú di dúdú bí aró. Gúúsù Áfíríkà fòfin dè é nínú ìpara lọ́dún 1990. Èkejì ni sítẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol, oògùn tí dókítà ń kọ fún àrùn awọ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ń fi í para lójoojúmọ́, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́, ara á máa là, egbò kì í sì í tètè jinná. Ẹ̀kẹta ni mákúrì, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Aboyún lè gbé e fún ọmọ inú rẹ̀, ẹni tó fi para sì lè fi ọwọ́ gbé e fún ará ilé.

Àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì ń jẹ́ Minamata, orúkọ ìlú kan ní Japan tí omi ilé iṣẹ́ kan sọ ẹja rẹ̀ di májèlé. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ú ní 2018. Ní 2020 ni àdéhùn náà ka ìpara tí mákúrì inú rẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan léèwọ̀. Ìpara tí wọ́n pò fún yín nínú ike láìkọ nǹkan kan sí i lára, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ ohun tí ẹ rà. Owó rẹ̀ lè kéré lọ́jà, ilé ìwòsàn ni ẹ ó ti san èyí tó kù.

Ìbílẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò

Kí a má wá sọ pé nǹkan baba wa kò lè ṣe wá níbi. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lé sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Òjé ń pa ọpọlọ ọmọdé lára, bó ti wù kí èyí tó wọ ara kéré tó. Ẹ má lé tìróò fún ọmọ.

Bí a bá ní kí a kó o jọ

- Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀.
- Òrí kí ara tó gbẹ, jẹ́lì sí ètè àti gìgísẹ̀ lálẹ́.
- Ìborùn tàbí agbòòrùn lọ́sàn-án.
- Irun tí kò le, irùngbọ̀n tí a kò fá kanlẹ̀.
- Nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ èròjà lára ohunkóhun tó bá wà nínú ike. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Kò sí ohun tó wọ́n nínú wọn.

Yorùbá ní orúkọ ìyìn fún àwọ̀ méjèèjì. Ẹni tó pọ́n ni apọ́nbéporẹ́, ẹni tó dúdú ni adúmáadán. Ẹ yẹ orúkọ kejì yìí wò dáadáa: dídú wà nínú rẹ̀, dídán náà wà nínú rẹ̀. Dídú yẹn, wọ́n bí i mọ́ni ni. Dídán ni òrí ń bá wa ṣe.