Ìjókòó Nínú Kíláàsì Nìkan Kọ́ Ni Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n ní Warri àti agbègbè rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fọ̀rọ̀ wérọ̀ díẹ̀ lórí àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì. Ọmọ ti wọlé, a ti san owó, kò sì pa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Síbẹ̀ èsì ìdánwò jáde, ojú rẹ̀ kò dára. Kí ló fà á?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní girama wá bá mi lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún, ó sì mọ́ tónítóní. Mo ní kí ó pa á dé, kí ó ṣàlàyé ohun kan ṣoṣo fún mi láti inú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan sọ. Èmi náà jẹ̀bi, nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni mo fi máa ń yìn ín nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ní òfin pé ẹni tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ara ni ó ń kà, kò lè ka ọkàn. Ní 1984, Alexander Astin, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé bí agbára ara àti ti ọkàn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ná sórí ẹ̀kọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni èrè rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ní 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì, irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní FUPRE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Effurun nítòsí wa níbí ní 2007. Wọ́n rí i pé níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, ewu kí akẹ́kọ̀ọ́ fìdí rẹmi tó ìlọ́po 1.5 ti ibi tí àwọn ọmọ ti ń dáhùn, tí wọ́n sì jọ ń yanjú iṣẹ́.

Èyí kò lè ya ẹni tó lọ sí ilé kéwú lẹ́nu. Olúkúlùkù ọmọ ló ń gbé wàláà tirẹ̀ wá ka fún Ààfáà. Kò sí ibi tí yóò sá sí. Nínú gbọ̀ngàn tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ kún, ibi ìsápamọ́ pọ̀.

N kò ní kí ọmọ gba oyè nínú gbogbo ẹgbẹ́ o. Ìyẹn a máa jẹ àkókò ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀bi kì í ṣe ti ọmọ: ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwa òbí ni mo ń wí. Láti ilé ni ọmọ yìí ti ń lọ. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ti parí, ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló ń gbà lọ tààrà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tí wọ́n ń kọ́ ara wọn. Mo lọ bẹ ìyá náà. Mo ní, “Àlàájà, ẹ yé bi í bóyá ó lọ, ohun tó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ni kí ẹ máa bi í.” Wọ́n fún un ní ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀.

Nígbà tó tún ìdánwò ṣe, ó yege nínú méjì. Ti ìṣirò ló ṣẹ́ kù.