Aṣọ Wo Ni Ọkọ Ìyàwó Yóò Wọ̀?

Nígbà tí ìgbéyàwó mi ku oṣù mẹ́ta, gbogbo ẹbí ló ń bèèrè aṣọ tí ìyàwó yóò wọ̀. Kò sí ẹni tí ó bèèrè tèmi. Èmi fúnra mi ti lọ wo kóòtù kan ní Òṣogbo. Owó rẹ̀ ju owó oṣù mi lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tà á ní kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Mo gbà, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì san owó ilé.

Ní ọjọ́ tí mo lọ kí àwọn àna mi ní Iléṣà, mo fi ẹnu kàn án. Ìyá àgbà, ìyá ìyá àfẹ́sọ́nà mi, rẹ́rìn-ín títí. Òṣómàáló ni bàbá tiwọn. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò gbọ́ orúkọ yìí rí, lẹ́yìn ogun Kírìjì, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí wọ́n sì tú ibùdó rẹ̀ ká ní 1893, ọ̀nà là, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì di oníṣòwò tí ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú. Àwìn ni wọ́n ń tà. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn yóò lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn yóò ní òṣó ni àwọn yóò ló títí owó yóò fi jáde. Ìyá àgbà ní, "Ọmọ mi, ọmọ ẹni tí ń ta aṣọ láwìn lo fẹ́ fẹ́. Ṣé aṣọ àwìn lo máa wá wọ̀ níwájú wa?"

Ojú tì mí. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún màmá mi. Wọn kò fèsì. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n fa àpótí bàbá mi jáde lábẹ́ ibùsùn. Agbádá ẹtù ni ó wà nínú rẹ̀, tòun ti bùbá, ṣòkòtò àti fìlà abetí ajá. Láti ọdún mẹ́fà tí bàbá ti kú, a kò ṣí àpótí yẹn rí.

Ẹtù, sányán àti àlàárì ni àwọn baba wa kà sí aṣọ ńlá. Òwú tí kòkòrò inú igbó ń ta ni wọ́n fi ń hun sányán, àlàárì pupa, ẹtù bá ẹyẹ ẹtù jórúkọ, aró tí a fi ewé èlú ṣe ni ó sì sọ òwú rẹ̀ di dúdú. Ọmọ Òṣogbo, ìlú aró, ni mí. Ó yẹ kí n ti ronú kàn án kí n tó lọ sí ìdí kóòtù.

Bàbá mi sanra jù mí lọ púpọ̀, aṣọ náà sì gbé mi mì. Ṣùgbọ́n fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni wọ́n ń rán mọ́ ara wọn di aṣọ òfì. Télọ̀ kò fi àlùmọ́gàjí gé e rárá. Ó tú ojú ìrán, ó yọ fọ́nrán kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ó sì rán an padà. Àmì tádàwá kan wà ní àpò bùbá, nítorí tíṣà ni bàbá mi, bírò kì í sì í kúrò lára wọn. Télọ̀ fẹ́ fọ̀ ọ́. Màmá mi ní kó fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdána ní Iléṣà, alága ìjókòó ní kí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní a kò dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí a tún un ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣòkòtò ọ̀rẹ́ mi kan, tí ó fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ya láti ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ṣòkòtò yín nílé. Ẹtù sì móoru o! Ẹ mú aṣọ ìnujú dání.

Nígbà tí ó kan ìyàwó láti dé fìlà fún mi, abetí ajá bàbá ni ó gbé. Ìyá àgbà pè mí sọ́dọ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò ra etí agbádá náà bí ọmọ oníṣòwò, wọ́n bèèrè ẹni tí ó ni ín. Mo ní bàbá mi ni.

Wọ́n ní, "A kò ní lóṣòó tì ọ́ nìyẹn."

Kóòtù ẹ̀gbọ́n mi ni mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kejì. Apá rẹ̀ gùn díẹ̀.

Fọ́nrán méjì tí télọ̀ yọ wà nínú àpótí pẹ̀lú aṣọ náà. Màmá mi ni wọ́n ká wọn. Wọ́n ní bí ọmọ tí a bá bí bá fi ara jọ bàbá mi, a ó nílò wọn.