Àwọn Tó Ń Tú Àpótí Ìwé Àṣírí Nítorí Ìmọ̀ Agbára

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ wíwá ìwádìí agbára tó ti di ìgbàgbé nínú ìwé àṣírí tí ìjọba ti tú sílẹ̀. Àwọn òpìtàn ń ṣe é, àwọn ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣe é, àwọn tó dá lójú pé wọ́n ti gbé iná ọ̀fẹ́ pamọ́ fún aráyé náà ò sì gbẹ́yìn. Amẹ́ríkà ni ọjà náà ti kún jù, nítorí òfin ọdún 1966 gba ẹnikẹ́ni láyè, títí kan àlejò, láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, àṣẹ mìíràn sì wà pé kí ìwé àṣírí tó bá pé ọdún 25 di títú sílẹ̀. Àṣẹ yìí ò mú ìwé àṣírí núkílíà. Òfin 1966 fúnra rẹ̀ sì yọ àlàyé nípa kànga epo sọ́tọ̀, ohun tó yẹ kó pa ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ agbára lẹ́rìn-ín.

Ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní College Park, ní Maryland, ẹni tó ṣí àpótí lè bá bébà kan ṣoṣo níbi tó yẹ kí odindi ìwé wà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà, àkọlé rẹ̀ àti iye ojú ewé rẹ̀ wà lára bébà ọ̀hún. Ìwé gan-an ni kò sí. Nígbà mìíràn ìwé wà, àmọ́ wọ́n ti fi dúdú pa àwọn ìlà kan rẹ́. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ara ń fu máa ń ka ojú dúdú bí ẹni ka lẹ́tà. Àwọn yòókù ní orúkọ amí kan lásán ló lè wà lábẹ́ rẹ̀, àti pé òṣìṣẹ́ tó bá pa ìlà rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ kì í sábà rí ìjà.

Ìwé tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́ràn jù ti ọdún 1971 wá. Òfin 1951 ti fún ìjọba lágbára láti pa ẹni tó hùmọ̀ nǹkan lẹ́nu mọ́, kó má sì jẹ́ kó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ju 5,000 lọ. Nínú ìwé 1971 yìí, wọ́n ka sólà tó bá ń sọ ju ìdá 20 nínú 100 oòrùn di iná mọ́ ohun tó yẹ kí àwọn ológun kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn alátakò ní yíyẹ̀wò kì í ṣe ìfòfindè, oòrùn sì ni sátẹ́láìtì ológun ń lò. Pánẹ́ẹ̀lì tó ju ìdá 20 lọ ti ń bẹ lórí àtẹ báyìí, títí dé Alábà l'Ékòó. Èsì yẹn dára, ṣùgbọ́n kò parí ẹjọ́: àṣẹ ìpanilẹ́numọ́ kì í sọ ohun tó pa mọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi jàre.

Ohun tí wọ́n rí ní tòótọ́ kò jọ ìtàn àlọ́. Nígbà tí epo wọ́n ní àwọn ọdún 1970, yunifásítì kan ní Texas lọ tú ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì lẹ́yìn ogun, lórí bí wọ́n ṣe ń fi èédú ilẹ̀ ṣe epo. Ìmọ̀ náà ṣiṣẹ́, ọkọ̀ òfuurufú ogun Jámánì fò lórí rẹ̀. Epo rọ̀bì olówó pọ́ọ́kú ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ní Oak Ridge, ní Tennessee, ẹ̀rọ núkílíà tó ń lo iyọ̀ yíyọ́ ṣiṣẹ́ láti 1965 sí 1969. Ìjọba dáwọ́ owó rẹ̀ dúró torí pé irú ẹ̀rọ mìíràn ló wù ú, ìròyìn iṣẹ́ náà wà lórí pẹpẹ, wọ́n wá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Ṣáínà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2011.

Ìdí rèé tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fi bẹ̀rẹ̀ láti ojú dúdú. Ìwé ìnáwó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá: irin tí wọ́n rà, àdéhùn tí wọ́n bá kọngílá ṣe, lẹ́tà tí àwọn ọ̀gá fi ń bá ara wọn jà lórí owó. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ ní tòótọ́ kì í ṣàìní irú bébà bẹ́ẹ̀, ó sì ṣòro kí wọ́n tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.