Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Wáyà Bàbà Rán

Gé bébà líle méjì ní gbọọrọ, kí etí kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wú síta díẹ̀ láàárín. Tẹ́ wọn sórí tábìlì, kí ibi tó wú kọjú síra. Àárín nìkan ni yóò kanra. Àlàfo yóò wà níwájú àti lẹ́yìn. Wá fi sẹ́lótéèpù fa etí méjèèjì pọ̀ láti òkè dé ìdí. Bébà náà kò ní lè tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò dìde, imú àti ìdí rẹ̀ yóò gbé ara wọn sókè, yóò ṣe ikùn. O ti kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn, láìlo férémù kankan.

Bí wọ́n bá ń kan ọkọ̀ gan-an, pláíwúùdù ni wọ́n ń lò dípò bébà, wáyà bàbà dípò sẹ́lótéèpù. Awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gúlúù lẹ̀ léra, tí ìlà ara igi èyí ń dábùú ti ìkejì kí pákó má baà là. Igi okoumé láti Gàbọ̀n wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn fún ti ojú omi, torí ó fúyẹ́. Àléébù pláíwúùdù ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ní kó tẹ̀ sí méjì pọ̀, yóò ṣẹ́. Nítorí náà, etí pákó ni gbogbo ọgbọ́n wà: ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ ti ṣírò bí etí yóò ṣe rí, tí pákó kò fi ní ríbi tẹ̀ sí ju ibi tí òun fẹ́ lọ.

Ken Littledyke, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọ̀nà yìí kan ọkọ̀ alájẹ̀ kéékèèké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Mirror ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ ọ́n ká. Ìwé ìròyìn Daily Mirror ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Barry Bucknell, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n BBC nígbà náà, àti Jack Holt, àgbà nínú yíya àwòrán ọkọ̀ ìgbòkun, ló jọ ṣe é. Lọ́dún 1963 ló dé ọjà, ní pọ́n-ùn 63 àti ṣílè 11. Gígé ni wọ́n ti gé pákó rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Iṣẹ́ tó kù fún onítọ̀hún ni pé kó lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí pákó, kó ki wáyà bàbà kúkúrú bọ ihò méjì tó kọjú síra, kó sì lọ́ ọ pọ̀ láti ìta. Bàbà dára fún un torí ó rọ̀, kì í sì í dípẹtà. Kò gbọdọ̀ yára fún un pinpin. Ó ní láti kọ́kọ́ fi téèpù wọn ọkọ̀ láti igun dé igun, ní ìdábùú, torí bí ọkọ̀ bá wọ́ kí gúlúù tó gbẹ, wíwọ́ náà ni yóò wà títí ayé. Lẹ́yìn èyí ló máa fi aṣọ fáíbà àti rẹ́síìnì, ìyẹn gúlúù náà, bo ojú rírán náà nínú. Bó bá ti le, yóò gé orí wáyà tó yọ síta, yóò fi fáìlì ha á, yóò sì fi fáíbà bo ìta pẹ̀lú. Láti ìgbà yẹn, wáyà kò gbé ẹrù kankan mọ́.

Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 3.3. Ara rẹ̀ nìkan kò ju nǹkan bíi kílò 45 lọ, èèyàn méjì lè gbé e. Lójú tèmi, imú rẹ̀ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ kò lẹ́wà rárá, àmọ́ ó fún ọkọ̀ kúkúrú láyè. Ìgbòkun rẹ̀ pupa, àwọ̀ ìwé ìròyìn náà ni. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara ìgbòkun ti lé ní 70,000.

Omi tó bá gba etí pákó wọlé ló ń pa irú ọkọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó má wo ọ̀dà. Kó fi àtàǹpàkò tẹ igun ìsàlẹ̀, níbi tí pákó ti pàdé. Bó bá rọ̀, kó dá owó rẹ̀ padà sápò.