Ìdílé Kan Náà Ni Ewédú àti Kòkó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní alẹ́ òní ni èyí: báwo ni a ṣe ń pín nǹkan sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí sì ni ìpín náà ń ṣe fún ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́?

Bí ẹ bá dé ọjà Ìkòtún, ẹ ó rí i pé ọlọ́jà kì í da ẹrù rẹ̀ pọ̀. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Obì àti orógbó wà nínú àtẹ kan náà. Kòkó ní tirẹ̀ kì í bá wọn dé ìsọ̀ ẹ̀fọ́ rárá; oníṣòwò ní í lọ rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní oko. Ìpín ti ọjà nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ fi nǹkan ṣe ni ọjà ń wò. Kò sí àbùkù nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ alẹ́ kò ní láti kọ́kọ́ mọ ìtàn ìran ewé.

Àwọn baba wa náà ní ìpín tiwọn. Wọ́n ya ẹyẹ sọ́tọ̀, wọ́n ya eku sọ́tọ̀, wọ́n ya ẹja, ejò àti kòkòrò sọ́tọ̀. Wọ́n sì ṣàkíyèsí ẹ̀dá tí kò gba ìpín. Àdán ń fò bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó ní eyín àti irun, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Irú ẹ̀dá báyìí ni a ń wí pé kò ṣeku, kò ṣẹyẹ.

Ní ilẹ̀ Sweden, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Carl Linnaeus. Ní ọdún 1753, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ewéko ayé, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì ní èdè Látìnì. Orúkọ ìṣáájú dà bí orúkọ agbolé. Èkejì dà bí orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ nínú agbolé náà. Ẹ wo obì wa. Obì gbàǹja, tí ó ń là sí méjì, ni Cola nitida. Obì àbàtà, tí awẹ́ rẹ̀ ń ju méjì lọ, ni Cola acuminata. Agbolé kan, ọmọ méjì. Àwọn ìyá alóbì ti mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀ kí ìwé tó dé. Ohun tí ìwé fi kún un ni orúkọ kan tí ará Èkó, ará Kánò àti ará Brazil lè jọ pè, kí wọ́n má sì ṣi ara wọn gbọ́.

Orógbó ńkọ́? Garcinia kola ni a ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí “kola” yẹn tàn yín jẹ. Ẹ̀yìn ni ó wà, kì í ṣe iwájú, kì í sì í ṣe orúkọ agbolé. Orógbó kò bá obì tan, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jókòó nínú àtẹ kan láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Bí agbolé ti pọ̀ nínú ìdílé kan láàárín wa, bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín ewéko. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, ìdílé mẹ́rin ni a pín àwọn kan sí: ilá, òwú àti ìṣápá wà nínú ọ̀kan, ewédú wà nínú èkejì, kòkó àti obì wà nínú ẹ̀kẹta, oṣè àti àràbà wà nínú ẹ̀kẹrin. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ rí ọ̀nà láti ka àmì ìran tí ó fara pamọ́ sínú ara ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí, èyí tí a ń pè ní DNA. Wọ́n rí i pé ìbátan tímọ́tímọ́ ni gbogbo wọn. Ní ọdún 1998, wọ́n tẹ ìpín tuntun jáde, wọ́n sì kó ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ẹyọ kan. Malvaceae ni orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń fojú sílẹ̀ lè rí díẹ̀ nínú ìjọra náà fúnra rẹ̀. Ilá ń yọ̀, ewédú ń yọ̀. Òdòdó ilá àti òdòdó òwú jọra bí ọmọ ìyá. Òwú bo hóró òwú, ohun tí ó jọ òwú sì ń bẹ nínú èso àràbà. Okùn tí ó le wà nínú èèpo ewédú. Òun àti ìbátan rẹ̀ kan ni a fi ń hun àpò tí a ń kó kòkó sí lọ sí òkè òkun. Ẹ ò rí i pé ará ilé ni ó ń gbé ará ilé!

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni àǹfààní rẹ̀? Ó wà. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni kòkó ti wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1936, a rí àrùn kan lára rẹ̀ ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí. Lẹ́yìn náà ni a rí i ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ẹ̀ka igi a wú, ewé a yí àwọ̀ padà, igi a sì kú. Oògùn kò ràn án. Ìjọba ní kí a gé igi tí ó ti kó àrùn náà lulẹ̀, inú àwọn àgbẹ̀ kò sì dùn rárá, nítorí igi tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ tọ́jú ni. Níbo ni àrùn náà ti wá? Wọ́n bá a lára àràbà, oṣè àti àwọn ìbátan obì tí ó wà nínú igbó. Kòkòrò kéékèèké kan ní í fa omi ara igi kan mu, tí í sì gbé àrùn náà lọ sí ara òmíràn. Àlejò ni kòkó, ṣùgbọ́n ará ilé rẹ̀ ti wà níbí kí ó tó dé. Àgbẹ̀ tí ó mọ ìdílé kòkó yóò mọ igi tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ létí oko rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé a lè tún ìpín ṣe. Ní ọdún 1758, Linnaeus fúnra rẹ̀ fi àdán sí ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú ènìyàn àti ọ̀bọ. Ní ọdún 1779, Blumenbach ará Jámánì fún un ní ọ̀wọ́ tirẹ̀.

Àwa olùkọ́ náà ní ìpín tiwa, èyí tí a ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ní ọdún 1948, àwọn tí ń ṣètò ìdánwò ní yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàdé ní Boston. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ohun kan náà ni ìbéèrè gbogbo ń béèrè lọ́wọ́ ọpọlọ. Ní ọdún 1956, Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde, wọ́n sì to ìbéèrè sí àtẹ̀gùn mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ òní gun àtẹ̀gùn náà.

Èkínní, ìmọ̀: dárúkọ ewéko mẹ́ta nínú ìdílé kòkó. Èkejì, òye: fi ọ̀rọ̀ ara rẹ sọ ìdí tí a fi kó wọn pọ̀. Ẹ̀kẹta, ìlò: já ewé kan pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, kí o wò ó bóyá ó bá ilá tan. Ẹ̀kẹrin, ìtúpalẹ̀: kí ni obì àti orógbó fi jọra, kí sì ni wọ́n fi yàtọ̀? Ìkarùn-ún, ìkójọpọ̀: ṣe ìpín tìrẹ fún gbogbo ewé tí ó wà nínú ọgbà iléèwé. Ìkẹfà, ìdájọ́: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gé àràbà tí ó wà létí oko kòkó? Sọ ìdí rẹ. Ní ọdún 2001, àwọn mìíràn tún àtẹ̀gùn náà tò, wọ́n sì fi dídá ohun tuntun sí òkè pátápátá.

Ṣùgbọ́n ìpín méjèèjì yìí kò rí bákan náà. Ìbátan ewédú àti kòkó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. A kàn ṣàwárí rẹ̀ ni. Àtẹ̀gùn Bloom ní tirẹ̀, àwọn olùkọ́ ni wọ́n jókòó tí wọ́n fẹnu kò sí i. Ìbéèrè ni wọ́n sì pín, wọn kò pín ọmọ. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Bí a bá bi ọmọ ní ìbéèrè àtẹ̀gùn kìíní nìkan láti oṣù kìíní dé òpin ọdún, tí kò sì lè há a sórí, a ó pè é ní olódo. Ọmọ náà lè jẹ́ ẹni tí yóò fi ojú ara rẹ̀ mọ̀ pé òdòdó ilá jọ ti òwú, ṣùgbọ́n ta ni ó bi í léèrè?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndó àti níbi gbogbo, bí ọmọ bá ti iléèwé dé, ẹ má ṣe bi í pé kí ni ó kà nìkan. Ẹ gbé ewédú tí ẹ fẹ́ já àti ilá tí ẹ fẹ́ rẹ́ sí iwájú rẹ̀, kí ẹ ní kí ó sọ ohun tí wọ́n fi jọra àti ohun tí wọ́n fi yàtọ̀. Kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin.