Sáfà Kan fún Ẹgbẹ́ Púpọ̀: Kí Lẹ́tà Má Baà Ṣìnà



Ìbéèrè kan kì í tán nínú ìpàdé wa ní Ìkẹjà àti Agége: ṣé dandan ni kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ tirẹ̀ kí ó tó ní àdírẹ́sì ímeèlì tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀? Rárá o. Sáfà kan, èyíinì ni kọ̀ǹpútà tí ń gba lẹ́tà tí ó sì ń pín in, lè ṣiṣẹ́ fún ogún ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá tò ó dáadáa, ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi tọrọ ẹ̀yáwó lè bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ mìíràn.

Ẹ rántí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ilé kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀gbà àti Agídíngbí lè ní àpótí lẹ́tà níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ímeèlì. Àmì @, tí Ray Tomlinson ará Amẹ́ríkà mú lò ní 1971, ni ó pín àdírẹ́sì sí méjì. Ipò tàbí orúkọ ẹni ni ó wà níwájú. Orúkọ ẹgbẹ́, tí à ń pè ní dòméènì, ni ó wà lẹ́yìn. Dòméènì kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ kan, MX, tí ó ń sọ sáfà tí lẹ́tà rẹ̀ yóò lọ. Bí ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá kọ sáfà kan náà síbẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà wọn yóò dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹgbẹ́ Ọ̀gbà ní "akowe", ti Agége náà ní "akowe". Nínú Postfix, ètò sáfà tí Wietse Venema ṣe, tí ó jáde ní 1998, ìwé orúkọ méjì wà. Bí a bá kọ dòméènì méjèèjì sínú mydestination, iwájú àdírẹ́sì nìkan ni sáfà yóò wò, lẹ́tà akọ̀wé méjèèjì yóò sì bọ́ sínú àpò kan. Bí a bá kọ wọ́n sínú virtual_mailbox_domains, yóò ka àdírẹ́sì náà tán kí ó tó fi lẹ́tà sí àpótí. Dòméènì kan kò gbọdọ̀ sí nínú ìwé méjèèjì.

Bí iná ọba bá lọ ńkọ́? Ẹ má fòyà. Sáfà tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ yóò máa padà wá gbìyànjú, ó sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó jáwọ́.

Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ ara wa ni a jẹ́. Bí pásíwọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ kan bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀, tí wọ́n fi ránṣẹ́ jìbìtì káàkiri, sáfà yẹn ni a óò fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé àwọn oníbàjẹ́, lẹ́tà gbogbo wa yóò sì máa padà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nítorí náà, a rọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan:

(a) Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ ra dòméènì, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó bá yín tò ó.

(b) Ẹ rí i pé dòméènì yín ní SPF, tí ó ń sọ sáfà tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ yín kọ̀wé, àti DKIM, tí ó dàbí òǹtẹ̀ lára lẹ́tà. Láti oṣù kejì 2024, Google àti Yahoo ń béèrè pé kí olùfiránṣẹ́ ní ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì.

(d) Ẹ ní àdírẹ́sì "postmaster". Òfin ímeèlì ni.

(e) Bí sáà akọ̀wé bá parí, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ti ipò ni àdírẹ́sì, kì í ṣe ti ẹni.

Owó àti àṣírí ọmọ ẹgbẹ́ ni ó wà nínú lẹ́tà wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ wọn bí a ti ń ṣọ́ àpò owó ẹgbẹ́.